Ijó Ballet Lẹ́yìn Ìpìlẹ̀: Ìbéèrè Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Oníjó Àti Òbí Wọn Máa Ń Bi Mí

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ijó ballet. Àwọn tó máa ń bi mí ní ìbéèrè jù kì í ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti jó fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ ọ̀nà, tí wọ́n wá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa dé ibi tó kàn láì ba ara wọn jẹ́. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Bí a ṣe ń pe orúkọ ìgbésẹ̀ nínú kíláàsì ni mo ṣe kọ ọ́, ní èdè Faransé, torí pé ibikíbi tí o bá ti wọ kíláàsì ballet láyé, orúkọ yẹn náà lo máa gbọ́. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti fún ijó yìí ní òfin: Ọba Louis Kẹrìnlá ló dá Académie Royale de Danse sílẹ̀ ní ọdún 1661.

Kí ló yàtọ̀ gan-an láàárín kíláàsì àwọn àgbà àti èyí tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀?

Ìgbésẹ̀ tuntun kò pọ̀ tó bí o ṣe rò. O ṣì máa di barre mú, ọ̀pá gígùn tó wà lẹ́bàá ògiri, plié (títẹ orúnkún) lo ṣì máa fi bẹ̀rẹ̀, tendu (nína ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀) á tẹ̀ lé e, jeté, rond de jambe, fondu, frappé, développé (gbígbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ kí a tó nà án), títí dé grand battement (jíju ẹsẹ̀ sókè). Lẹ́yìn náà ẹ ó bọ́ sí àárín yàrá fún adage (ijó jẹ́jẹ́), pirouette (yíyí lórí ẹsẹ̀ kan), fífò kéékèèké àti fífò ńlá. Oníjó tó wà ní ipò àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ ńlá ń ṣe kíláàsì yìí kan náà láràárọ̀, nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀, kó tó lọ dánra wò fún eré.

Ohun tó yí padà ni iye nǹkan tí wọ́n ń retí pé kí o gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ á sọ ìgbésẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á fi ọwọ́ lásán júwe rẹ̀, dùùrù á dún, o sì ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Àtúnṣe tí wọ́n bá fún ẹlòmíràn, tìrẹ náà ni. Kò sí ẹni tó tún máa dúró tì ọ́ láti rán ọ létí èjìká rẹ.

Wo demi-plié kan péré. Ọmọ ọdún 8 á tẹ orúnkún, á dé ìsàlẹ̀, á dúró, á wá dìde. Ọmọ ọdún 15 tó mọ ohun tó ń ṣe kì í dúró nísàlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ń lọ lórí ọmọ ìka kejì, gìgísẹ̀ kò kúrò nílẹ̀, bí ìdí sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ̀yìn àti orí ń gùn sókè. Kó tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ìdìde ti bẹ̀rẹ̀ nínú itan rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni gbogbo fífò ti ń wá, ibẹ̀ náà ni gbogbo fífò ń padà sí. Mo lè fi ogún ìṣẹ́jú ṣiṣẹ́ lórí plié nìkan pẹ̀lú ọmọ ọdún 16, tí ìṣẹ́jú kan ò sì ní ṣòfò níbẹ̀.

Olùkọ́ mi ní mo ń rọ̀ mọ́ barre jù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Fi ìwé pẹlẹbẹ kan sí orí barre, kí o gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ṣe tendu rẹ tán, síwájú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti sẹ́yìn, kí o wá gbé ọwọ́ kúrò kí o wo ìwé náà. Bí ó bá ti rún, tí òógùn ti mú un tutù, a jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ló ń dúró, ẹsẹ̀ rẹ kọ́. Mo máa ń fún gbogbo ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì mi ní ìwé yìí, ti àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè jù ló sì máa ń rún jù.

Ẹsẹ̀ mi ò yí síta tó ti àwọn yòókù. Ṣé mo lè fi ipá mú un?

Rárá, mo bẹ̀ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí tó ń ba orúnkún ọmọ jẹ́, èyí ló pọ̀ jù, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Oríkèé itan ni ẹsẹ̀ ti ń yí síta. Orí egungun itan rí roboto, ó sì wọ inú ihò kan lára egungun ìbàdí bí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó. Bí ihò yẹn ṣe jìn tó àti ibi tó kọjú sí, bí wọ́n ṣe bí ọ ló ṣe wà. Tẹlòmíràn kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣí bí ìwé. Tẹlòmíràn kọjú síwájú díẹ̀, egungun á kan egungun kí ẹsẹ̀ tó lọ jìnnà, kò sì sí nínà tó lè yí egungun yẹn padà. Orúnkún ní tirẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn: ó ń ṣí, ó ń pa dé, kò fẹ́ kí wọ́n lọ́ òun. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ bá wá yí síta ju bí itan rẹ ṣe gbà lọ, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ló máa san gbèsè ìyókù.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ọmọ máa ń dá. Wọ́n á tẹ orúnkún ní fifth position (ẹsẹ̀ kan níwájú èkejì, gìgísẹ̀ ọ̀kan kan ìka èkejì), wọ́n á lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀ síta bó ṣe wù wọ́n, wọ́n á wá na orúnkún padà. Nínú dígí, ó dára. Ṣùgbọ́n wo ìsàlẹ̀: àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ti wó sínú, àtàǹpàkò ń fi ipá di ilẹ̀ mú, ìdí sì ti yọ sẹ́yìn.

Dúró ní first position (gìgísẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, ìka ẹsẹ̀ kọjú síta), kí o tẹ orúnkún díẹ̀. Bí orúnkún rẹ bá kọjú síbi tí ìka ẹsẹ̀ rẹ kọjú sí, ìwọ̀n tìrẹ nìyẹn. Bí ó bá ń já sínú, dín yíyí ẹsẹ̀ kù títí wọn yóò fi bára mu. Ohun tí a lè ṣiṣẹ́ lé lórí ni agbára. Àwọn iṣan kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ iṣan ìdí ló ń yí itan síta, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì tíì lo gbogbo èyí tí egungun wọn gbà láyè. Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ká orúnkún méjèèjì, jẹ́ kí gìgísẹ̀ kan ara wọn, kí o ṣí orúnkún òkè láì jẹ́ kí ìbàdí yí sẹ́yìn. Ṣe é ní ìgbà 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé ọ lórí nígbà tí o bá dojú bolẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, kó ní òun fẹ́ bá ọ ṣí itan.

Ọmọ mi ti pé ọdún 11, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń wọ bàtà pointe, èyí tí wọ́n fi ń jó lórí góńgó ìka ẹsẹ̀. Kí ló dé tí olùkọ́ rẹ̀ ò tíì gbà?

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ pointe láàárín ọdún 11 sí 13, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́ la fi ń pinnu. Ohun tí èmi máa ń wò ni pé: ṣé ó lè fi ẹsẹ̀ kan ṣe relevé (gbígbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀) ní nǹkan bí ogún ìgbà, kí orúnkún na, kí ọrùn ẹsẹ̀ má sì mì? Bó bá na ẹsẹ̀, ṣé òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ojúgun rẹ̀ dọ́gba? Ṣé inú rẹ̀ ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró, àbí ẹ̀yìn ń tẹ̀? Bó bá fò, ṣé a máa ń gbọ́ bó ṣe balẹ̀? Egungun ẹsẹ̀ ọmọ ọjọ́ orí yẹn kò tíì le tán, bàtà kò sì lè ṣe iṣẹ́ tí iṣan kò lè ṣe.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé igi tàbí irin ló wà nínú bàtà náà. Irọ́ ni. Aṣọ, bébà àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe orí rẹ̀ ní ìpele-ìpele, páálí líle tàbí awọ ló sì wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ooru àti òógùn ń rọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Oníjó tó ń jó ipa ńlá lè lo bàtà méjì pẹ̀lú ara wọn tán nínú eré kan ṣoṣo. Nígbà tí oníjó Marie Taglioni jó eré La Sylphide ní Paris ní 1832, bàtà sátínì rírọ̀ tí wọ́n fi òwú rán létí ló wọ̀. Agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e dúró.

Bí àkókò bá tó, ẹ má ra èyí tó tóbi pé kó lè dàgbà sínú rẹ̀. Nínú bàtà tó tóbi, ẹsẹ̀ á yọ́ wọ ìsàlẹ̀, ìka á sì ká. Bí ọmọ bá ṣe plié, ìka rẹ̀ yẹ kó kan òpin bàtà láì ká. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán rìbọ́ǹnì rẹ̀. Á ká ẹ̀yìn bàtà sínú, ibi tó bá ti ṣẹ́po ni rìbọ́ǹnì máa wà. Kí abẹ́rẹ́ má ṣe gún okùn tó ń fún ẹnu bàtà, torí bó bá gún un, okùn náà kò ní fà mọ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ní ìparí kíláàsì ti tó, ọwọ́ méjèèjì lórí barre.

Ṣé dandan ni kí bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ jẹ́ àwọ̀ píǹkì?

Kì í ṣe dandan, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mọ́ mi láti sọ. Ìdí tí wọ́n fi yan píǹkì ni pé ó sún mọ́ àwọ̀ ara àwọn tó kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́, kí ẹsẹ̀ lè gùn lójú láti itan dé orí ìka. Bí ara ẹni bá dúdú, píǹkì á gé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí méjì ni. Ẹgbẹ́ Dance Theatre of Harlem, tí Arthur Mitchell àti Karel Shook dá sílẹ̀ ní 1969, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wọ àwọ̀ tó bá ara oníjó kọ̀ọ̀kan mu. Ní 2018, Freed of London àti ẹgbẹ́ Ballet Black jọ ṣe bàtà pointe aláwọ̀ dúdú-pupa. Ṣáájú ìgbà yẹn, àtíkè ojú ni àwọn oníjó fi ń kun bàtà wọn lálẹ́, ọ̀pọ̀ ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ, kí o sì béèrè láì bẹ̀rù.

Ìlànà ìkọ́ni wo ló dára jù: Vaganova, RAD (Royal Academy of Dance), Cecchetti, àbí òmíràn?

Èyí tí olùkọ́ tó wà níwájú rẹ mọ̀ dénú ni. Agrippina Vaganova kọ ìlànà tirẹ̀ sínú ìwé ní 1934, ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní St Petersburg sì ti wà láti 1738. Ẹ̀yìn àti ọwọ́ tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń dá àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ̀. Olùkọ́ Enrico Cecchetti ya iṣẹ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀. Ti Bournonville, láti ilẹ̀ Denmark, kún fún fífò fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó dákẹ́. RAD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1920, ní ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ọmọ káàkiri ayé ń ṣe: Intermediate Foundation, Intermediate, Advanced Foundation, Advanced 1 àti Advanced 2. Ẹni tó bá gba Distinction nínú Advanced 2 lè lọ fún Solo Seal, ìdánwò tó ga ju ìyẹn lọ.

Ìdánwò dára, ó ń fún ọmọ ní ohun tó ń lé. Àmọ́ mo ti rí ọmọ tó fi ọdún kan kọ́ ìgbésẹ̀ ìdánwò nìkan, tí kò wá lè gbé ìgbésẹ̀ tuntun mẹ́jọ nílẹ̀ nígbà tó dé kíláàsì ẹlòmíràn. Kí kíláàsì lásán pọ̀ ju kíláàsì ìdánwò lọ.

Báwo ni mo ṣe lè ṣe fouetté 32?

Fouetté ni yíyí léraléra lórí ẹsẹ̀ kan, tí ẹsẹ̀ kejì ń jù síta. Oníjó Pierina Legnani ló mú 32 yẹn wọ inú eré Swan Lake ní St Petersburg ní 1895, gbogbo ọmọ ló sì ti ń ka iye láti ìgbà náà. Má ka iye ná. Lẹ táàpù kékeré kan mọ́lẹ̀, dúró lé e, ṣe mẹ́rin, kí o wo ibi tí o bá ara rẹ. Bí o bá ti rìn síwájú, ìbàdí rẹ ló ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ tó ń jù síta. Bí o bá ti rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kí gìgísẹ̀ rẹ má máa sọ̀ kalẹ̀ dáadáa sínú plié ní gbogbo ìgbà. Orí ló gbọ́dọ̀ kúrò gbẹ̀yìn kó sì dé ṣáájú, ojú á mú ibì kan ṣoṣo. Mẹ́rin tó dúró sójú kan dùn mọ́ mi ju 20 tó rìn dé ìdí ògiri lọ. Nígbà tí mẹ́rin bá dúró, mẹ́jọ ò ní pẹ́.

Mo ga lójijì, gbogbo pirouette mi sì ti lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìwọ kọ́ lo gbàgbé ijó. Egungun ń yára gùn ju iṣan lọ, nítorí náà ara á le, ẹsẹ̀ ò ní lọ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọpọlọ rẹ mọ̀ pé ìka ẹsẹ̀ rẹ wà kọ́ ló wà mọ́. Lásìkò yìí, mo máa ń dín fífò kù, mo sì máa ń sọ fún ọmọ pé kó má na ara dé góńgó, torí ibi tí egungun ti ń dàgbà kò lágbára nígbà náà. Sàmì sí ara ògiri lóṣooṣù, kí olùkọ́ rẹ lè mọ̀ pé gíga lo ń ga, pé o kò ya ọ̀lẹ. Á padà.

Ìrora wo ni mo lè jó lórí rẹ̀, èwo ni mo gbọ́dọ̀ dúró fún?

Ní ọmọ ọdún 16, ojúgun òsì ń dùn mí ní ibì kan tí mo lè fi orí ìka kan tọ́ka sí. Eré ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo fi òróró ìpara ra á, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn lé e kí olùkọ́ má bàa rí bó ṣe wú, mo sì ń fò lọ. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, mi ò lè fi ẹsẹ̀ yẹn gun àtẹ̀gùn mọ́. Egungun ti sán. Oṣù méjì ni mi ò fi fò. Orí àga ni mo ti wo eré náà, ọmọ tó ṣe ipa mi sì ṣe é dáadáa.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo ń sọ fún gbogbo ọmọ. Ìrora iṣan lẹ́yìn iṣẹ́ máa ń wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó máa ń fẹ̀, ara gbígbóná máa ń dín in kù, kì í sì ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Èyí tó wà lójú kan, tó ń pọ̀ sí i bí o bá ń fò, tó ń jí ọ lóru, tàbí tó wú, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Níwájú ẹsẹ̀, egungun tó lọ sí ìka kejì ló máa ń sán fún àwọn oníjó pointe. Lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀, iṣan tó ń ká àtàǹpàkò ló máa ń bínú. Dókítà tàbí físíò tó mọ̀ nípa oníjó kì í fi gbogbo ìgbà sọ pé kí o dúró pátápátá. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á ní kí o ṣe barre láì fò.

Ọmọ mi ti ń dín oúnjẹ kù. Ṣé ara rẹ̀ kò ní fúyẹ́ sí i fún ijó ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró kó pẹ́. Ọmọ tó ń jó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́ nílò oúnjẹ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí èyí tó ń jẹ kò bá tó èyí tó ń ná, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná yàrá kan lẹ́yìn òmíràn: nǹkan oṣù á dúró, egungun á rọ̀, oorun á dàrú, egbò á pẹ́ kó tó san. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé fún ipò yìí ní orúkọ ní 2014, RED-S ni wọ́n ń pè é, ó sì ń mú ọmọkùnrin náà. Bí ọmọbìnrin bá pé ọdún 15 láì rí nǹkan oṣù, tàbí tó ti ń rí i tẹ́lẹ̀ tó sì dúró fún oṣù mẹ́ta, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìgbà ọ̀dọ́ ni egungun ń tọ́jú agbára tó máa lò títí ọjọ́ ogbó, kò sí ìgbà mìíràn fún un. Bí olùkọ́ kan bá sì ń wọn ọmọ lórí ìwọ̀n níwájú ẹgbẹ́, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

Kí ló yàtọ̀ fún ọmọkùnrin?

Tour en l'air (fífò kí a sì yí lófuurufú), grand pirouette (yíyí pẹ̀lú ẹsẹ̀ kejì ní gbígbé sókè), batterie (fífi ẹsẹ̀ lu ara wọn bí a bá fò), àti gbígbé ẹnìkejì sókè. Ìdàgbàsókè ọmọkùnrin máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ti ọmọbìnrin, nítorí náà ẹni tí fífò rẹ̀ kò ga ní ọdún 14 lè yà yín lẹ́nu ní 17. Kó má gbé ẹnikẹ́ni sókè tán kí ara rẹ̀ tó le. Gbígbé ń wá láti inú plié, kì í ṣe láti ẹ̀yìn, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọbìnrin tó mọ ìgbà tó yẹ kó fò.

Ọdún 13 ni mo bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Ọdún 13 ni Misty Copeland bẹ̀rẹ̀, ó sì dé ipò àkọ́kọ́ ní American Ballet Theatre ní 2015. Ọdún 17 ni Rudolf Nureyev wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Leningrad, lẹ́yìn tó ti ń jó tipẹ́. Mi ò sọ èyí kí o lè rò pé ó rọrùn. O máa ní láti ṣe plié púpọ̀ ní kíláàsì tí àwọn ọmọ ọdún 9 wà nínú rẹ̀, kí ojú má sì tì ọ́.

Ṣé kí n lọ sí ìdíje? Báwo ni ilé ẹ̀kọ́ ńlá ṣe ń yan ọmọ?

Prix de Lausanne ní Switzerland, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, wà fún ọmọ ọdún 15 sí 18. Àwọn adájọ́ ń wo ọmọ nínú kíláàsì náà, kì í ṣe lórí ìtàgé nìkan, ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ àyè láti kọ́ ẹ̀kọ́ tàbí láti bá ẹgbẹ́ ńlá jó. Ìdíje mìíràn, Youth America Grand Prix, wà láti 1999. Bí o bá fẹ́ lọ, yan variation (ijó àdájó láti inú eré) tó rọrùn díẹ̀ ju agbára rẹ lọ, kí ó lè ku ohun tí o máa fi ṣe ijó. Oṣù mẹ́fà lórí ìṣẹ́jú méjì ijó, tí kíláàsì ojoojúmọ́ sì ń jìyà, kò wúlò fún ọ.

Fún ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè fọ́tò: first arabesque (dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, èkejì nà sẹ́yìn), développé sẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú fídíò barre àti àárín yàrá. Ya á níwájú ògiri tó mọ́, ní aṣọ kíláàsì lásán. Má gbé ẹsẹ̀ ju ibi tí ìbàdí rẹ ti dúró lọ nítorí fọ́tò, torí ìbàdí yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Nínú yàrá, ẹni tí wọ́n bá tún ṣe tó sì gbìyànjú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kódà bí kò bá bọ́ sí i, ojú wọn á wà lára rẹ̀.

Bí wọn ò bá mú ọ, sunkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: béèrè ohun tí wọ́n rí, kọ ọ́ sílẹ̀, gbé e fún olùkọ́ rẹ lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ mélòó ni kí n sinmi?

Ọjọ́ kan gbáko lọ́sẹ̀, àti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú ọdún tí o kò ní wọ bàtà ijó rárá. Lúwẹ̀ẹ́, rìn, sùn. Nígbà tí o bá padà, ṣe barre nìkan ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, fi àárín yàrá kún un lọ́jọ́ kẹta, kí fífò kéékèèké sì dúró di ọjọ́ kẹrin. Bàtà pointe lè wà nínú àpò títí ọ̀sẹ̀ kejì.